Wáyà Méjì, Ọ̀nà Kan

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ gbọ́ ohun tójú ọ̀rẹ́ mi kan rí.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ nǹkan mímu sínú ìgò ló ti ń tọ́jú wáyà. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù gún páìpù tí wáyà Ethernet wọn gbà kọjá, ni gbogbo ẹ̀rọ bá dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n ní káwọn tó ń gbowó ojúmọ́ máa lọ sílé láìgba kọ́bọ̀. Ọ̀gá wá kọjú sí ọ̀rẹ́ mi: "Ṣebí wáyà méjì lo ní ká rà? Kí ni ìkejì ń ṣe?"

Nígbà tó ròyìn ẹ̀ fún mi, mo ní, "Níbo ni ìkejì gbà?" Ó wolẹ̀. "Inú páìpù kan náà ni."

Ẹ ò rí nǹkan! Ohun tó gé Táyé náà ló gé Kẹ́hìndé.

Kì í ṣe òun nìkan o. Lọ́jọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin lábẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ pa pọ̀ nítòsí Abidjan. Ìyà ẹ̀ jẹ àwọn báńkì kan dé Nàìjíríà níbí. Mẹ́rin ni wọ́n, àgbègbè kan náà ni wọ́n gbà kọjá.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí wáyà kejì gba ògiri òdìkejì. Ẹ má fi iná kan ṣoṣo gbé switch méjèèjì.

Bẹ́ ẹ bá so àwọn switch yípo bí òrùka, tí ọ̀kan já, ọ̀rọ̀ á gba ẹ̀yìn. Àmọ́ ẹ má kàn so ó lásán o! Ọ̀rọ̀ á máa yí po títí tí ọ̀nà á fi dí pa. Ó gbọ́dọ̀ ní aṣọ́bodè, bíi RSTP tàbí MRP, tó máa ti ẹnu ọ̀nà kan, tí á sì ṣí i bí wáyà bá já. Níbi tẹ́rọ ò ti lè dúró rárá, PRP ń fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, lọ́nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé lẹ̀rọ máa gbà.

Lákòótán, lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá dilẹ̀, ẹ fọwọ́ ara yín yọ wáyà kan, kẹ́ ẹ wò ó. Wáyà tó ti kú tẹ́nì kan ò mọ̀, ẹlẹ́tàn ni.

Ọ̀rẹ́ mi ti jẹ́wọ́ fọ́gàá ẹ̀, wọn ò lé e. Wọ́n ti ń gbẹ́ ọ̀nà kejì báyìí. Àmọ́ owó ojúmọ́ àwọn tí wọ́n dá padà sílé ńkọ́? Kò tíì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ ni ín wí. Ẹ kọ̀wé sí wa.