Ilé Iṣẹ́ Kọ́, Ilé Ìṣẹ́ Ni

Orúkọ tí nǹkan ń jẹ́ a máa darí èrò ẹni tí kò fojú rí i. Nítorí náà, olùkọ́ tó ń túmọ̀ Oliver Twist, ìwé Charles Dickens, fún akẹ́kọ̀ọ́ kò ṣe dáadáa bó bá pe ibi tí wọ́n bí ọmọ náà sí ní "ilé iṣẹ́". Ọ̀gá, akọ̀wé àti owó oṣù ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò. Kò sí owó oṣù níbẹ̀.

Ní ọdún 1834 ni ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tuntun nípa àwọn tálákà. Ìlànà tó gbé òfin náà ró ni pé ìgbé ayé ẹni tó ń gba ìrànwọ́ gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju ti alágbàṣe tó tòṣì jù lọ níta, kí ẹ̀rù ilé náà lè máa lé aláìní sẹ́yìn.

Bí ìdílé bá wọlé, wọn a ya ọkọ sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ aya, wọn a sì kó àwọn ọmọ tó ti kúrò ní ọmọ ọwọ́ lọ síbòmíràn. Wọn a gba aṣọ ọrùn wọn, wọn a fi aṣọ ilé náà wọ̀ wọ́n. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ sá lọ, olè ni lójú òfin. Agogo ló ń jí wọn, agogo ló ń pè wọ́n sídìí búrẹ́dì àti ẹ̀kọ tó ṣàn bí omi.

Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe? Àwọn kan ń fọ́ òkúta. Àwọn mìíràn ń fi ìka tú okùn ọkọ̀ òkun tó ti gbó, kí wọ́n lè fi òwú rẹ̀ àti ọ̀dà dí àlàfo ara ọkọ̀. Ní Andover, egungun ẹran ni wọ́n ń fọ́ di ajílẹ̀. Ní 1845, àṣírí tú pé ebi ti sọ àwọn tó ń fọ́ ọ di ẹni tó ń jà du mùdùnmúdùn inú egungun tó ti ń jẹrà.

Àwọn kan yóò ní òrùlé wà lórí wọn, dókítà ń wò wọ́n, ẹni tó bá sì fẹ́ lè jáde. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òmìnira wo ló wà láàárín ebi ìta àti ìtìjú inú ilé? Ọkùnrin tó gba irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀ kò lè dìbò. Ọdún 1918 ni òfin yí ìyẹn padà. Bó bá kú tí ẹbí kò gba òkú rẹ̀, òfin 1832 fàyè gbà kí wọ́n gbé e fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn láti là.

Yorùbá gbà pé iṣẹ́ ló ń wo ìṣẹ́ sàn. Àmọ́ iṣẹ́ tí Yorùbá ń wí ni èyí tí ọwọ́ ṣe tí ẹnu jẹ, tó sì sọ olùṣe rẹ̀ di ẹni iyì. Èyí tí kò lówó, tí wọ́n dìídì ṣètò kó lè dójú ti olùṣe, ìjìyà ni. Arúgbó, aláìsàn, opó àti ọmọ òrukàn ló pọ̀ nínú ilé náà; ọ̀lẹ wo ni wọ́n fẹ́ wò sàn lára ọmọ òrukàn?

Ọdún 1948 ni òfin pa ètò náà rẹ́. Kí olùkọ́ èdè má ṣe bá a fọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo ló ya ìṣẹ́ kúrò lára iṣẹ́. Ẹni tó bá gbàgbé láti fi í sí i ti dá àwọn tó kọ́ ilé náà láre. Ilé ìṣẹ́ ni orúkọ rẹ̀.