Bí Ògiri Kò Bá Lanu

Ní alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ó dà bí ẹni pé kò sí ẹnubodè ní Kraké. Iwájú tẹlifíṣọ̀n kan náà ni tọmọ Bẹ̀nẹ̀ tọmọ Nàìjíríà jókòó sí, oníkálukú ń gbàdúrà sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Ní ìlú Uyo, Nàìjíríà na àwọn Guépards wa ní àmì ayò mẹ́rin sí òdo. Victor Osimhen nìkan gbá mẹ́ta wọlé nínú rẹ̀. Kí eré náà tó bẹ̀rẹ̀, àwa la wà lókè tábìlì. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, Gúúsù Áfíríkà ti gba ọ̀nà Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé lọ, àwa sì ti já sí ipò kẹta.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gba ẹnu àwọn ọ̀dọ́ wa lálẹ́ ọjọ́ náà: “Àwa náà ì bá ní Osimhen!” Èmi kò bá wọn dá sí i. Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin òǹkàwé ni pé, bí a bá fẹ́ kọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù láti ìpìlẹ̀, tí owó ọwọ́ wa kò sì ká gbogbo ipò, ipò wo ni kí á kọ́kọ́ ná an sí? Èrò tèmi ni pé lẹ́yìn orí tó ń darí, ògiri ló kàn. Ẹni tí ayé ń hó fún lè dúró dìgbà tí ògiri bá nàró.

Ilẹ̀ kan wà tí wọ́n ti fi owó dáhùn ìbéèrè yìí. Ilẹ̀ náà ni Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń gbá irú bọ́ọ̀lù kan tó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e ju ẹsẹ̀ lọ. Àwa ará Kraké sì gbọ́ èdè owó. Ẹni tó ń pààrọ̀ náírà sí sééfà lẹ́nubodè lè fi ẹnu yin náírà láti àárọ̀ dalẹ́, iye tó bá fẹ́ san lé e lórí ni yóò fi ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ hàn.

Ẹgbẹ́ 32 ló wà nínú ìdíje àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ilẹ̀ náà, tí wọ́n ń pè ní NFL. Ẹni 11 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó wọ pápá lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ẹni 53 ni orúkọ wọn wà nínú ìwé, nítorí pé àwọn tó ń kọlù yàtọ̀ sí àwọn tó ń dènà. Òfin sì wà tó fi gbèdéke sí owó tí ẹgbẹ́ kan lè ná lórí àwọn eléré rẹ̀. Ní ọdún 2024, gbèdéke náà jẹ́ mílíọ̀nù 255.4 dọ́là. Nítorí náà, olówó kò lè fi owó kó gbogbo ọjà. Dọ́là tí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan, a ti yọ ọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe pín in. Ẹni tó ń darí ìkọlù ni wọ́n ń pè ní quarterback. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ń kọ́kọ́ dé, òun ló sì ń pinnu ẹni tí yóò jù ú sí. Ní ọdún 2024 yìí kan náà, ẹgbẹ́ Dallas bá Dak Prescott ṣe àdéhùn mílíọ̀nù 60 dọ́là lọ́dún. Kò yani lẹ́nu, orí ni. Nínú àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, tí òǹwòran ń tìtorí wọn dìde lórí ìjókòó, Christian McCaffrey ló gba owó jù, mílíọ̀nù 19 sì ni. Ṣùgbọ́n Tristan Wirfs ti Tampa Bay, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó dúró ní apá òsì kí ó má ṣe jẹ́ kí ọ̀tá dé ọ̀dọ̀ quarterback, gba ju mílíọ̀nù 28 lọ. Ekukáká ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ń fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Èéṣe tí wọ́n fi ń san tó bẹ́ẹ̀ fún un? Ìdí ni pé ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ju bọ́ọ̀lù máa ń kọ ẹ̀yìn sí apá òsì. Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ kò dé. Ẹni tó dúró síbẹ̀ ni ojú tó fi ń ríran lẹ́yìn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì, kí ó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ Kansas City. Patrick Mahomes ni orí ẹgbẹ́ náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ní ọjọ́ 7 oṣù kejì ọdún 2021, wọ́n kojú Tampa Bay nínú àṣekágbá tí wọ́n ń pè ní Super Bowl. Àwọn méjì tó yẹ kí wọ́n ṣọ́ ìhà ọ̀tún àti ìhà òsì ògiri, Eric Fisher àti Mitchell Schwartz, ti fara pa, wọn kò sí lórí pápá. Mahomes sá títí. Wọ́n nà wọ́n ní 31 sí 9, wọn kò sì gbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kí ni Kansas City ṣe lẹ́yìn náà? Wọn kò sunkún pé àwọn kò ní asáré. Ògiri ni wọ́n tún mọ, ẹni márààrún tó dúró níbẹ̀ ní sáà tó tẹ̀ lé e ló jẹ́ tuntun. Ní ọdún 2022, wọ́n tilẹ̀ jọ̀wọ́ Tyreek Hill, ẹlẹ́sẹ̀ ehoro, fún ẹgbẹ́ Miami. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 2023, wọ́n pàdé Philadelphia nínú àṣekágbá, ẹgbẹ́ tó ti gbé quarterback àwọn ẹlòmíràn ṣánlẹ̀ ní ìgbà 70 ní sáà náà. Lọ́jọ́ náà, wọn kò rí Mahomes gbé ṣánlẹ̀ rárá, Kansas City sì gba ife ní 38 sí 35. Nígbà tó di ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 2025, ẹgbẹ́ méjèèjì tún pàdé. Philadelphia gbé Mahomes ṣánlẹ̀ nígbà mẹ́fà, wọ́n sì borí ní 40 sí 22. Orí kan náà ni, apá kan náà ni. Ògiri ló yàtọ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Àwọn ọmọ Yorùbá kò gbẹ́yìn nínú iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 2024, New York Jets yan Olumuyiwa Fashanu ní ipò 11 nínú gbogbo ọ̀dọ́ tí ẹgbẹ́ 32 náà yàn, kí ó lè wá ṣọ́ quarterback wọn. Kabeer Gbaja-Biamila tó ṣáájú rẹ̀ wà ní òdìkejì, lára àwọn tó ń fọ́ ògiri: ó gbé quarterback ṣánlẹ̀ ju ìgbà 70 lọ fún ẹgbẹ́ Green Bay.

Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀rọ̀ náà padà wálé. Ní ọdún 2019, nígbà tí ẹgbẹ́ wa ṣì ń jẹ́ Écureuils, wọ́n lọ sí ìdíje CAN ní Íjíbítì. Wọ́n gbá ọ̀mì méjì-méjì pẹ̀lú Gánà, òdo sí òdo pẹ̀lú Gínì-Bìsáù, òdo sí òdo pẹ̀lú Kamẹrúùnù. Nígbà tí wọ́n kojú Mòrókò, Moïse Adilehou, tó jẹ́ ara àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn, ló gbá góòlù wa wọlé. Mòrókò dá a padà. Hakim Ziyech gbá pẹ́nárítì lu òpó nígbà tí àkókò ń tán lọ. Wọ́n lé Khaled Adénon jáde, ẹni mẹ́wàá ló kù fún wa, síbẹ̀ ògiri kò lanu mọ́. Saturnin Allagbé ló wà lẹ́nu ilé nígbà tí a borí wọn pẹ̀lú pẹ́nárítì mẹ́rin sí ẹyọ kan. Báyìí ni Bẹ̀nẹ̀ ṣe wọ àárín ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kẹ́yìn láìborí ẹnikẹ́ni nínú eré gangan.

Ẹnìkan yóò sọ pé ògiri kì í gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Òótọ́ ni, n kò jiyàn. Góòlù mẹ́ta péré la gbá wọlé nínú eré márùn-ún, ẹyọ kan ṣoṣo tí Idrissa Gueye ti Senegal gbá wọlé sì tó láti dá wa padà sílé. Ẹni tó ní ògiri láìní ọ̀kọ̀ yóò pẹ́ kí ó tó ṣubú, ṣùgbọ́n kò ní ṣẹ́gun. Ìdí nìyí tí mo fi sọ̀rọ̀ nípa èyí tó yẹ kó ṣáájú, n kò sọ pé kí á fi ìyókù sílẹ̀. Owó díẹ̀ lè gbé ilé tó ní ògiri dúró títí tí a ó fi rí ọ̀kọ̀ rà. Ilé tó ní ọ̀kọ̀ láìní ògiri, òru ọjọ́ kan ni wọ́n fi ń kó o.

Ẹ lọ sí etí òkun ní Kraké ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wo àwọn ọmọ wa lórí iyanrìn. Gbogbo wọn ni wọ́n fẹ́ jẹ́ atamátàsé. Ọmọ tó kéré jù, tàbí èyí tí kò mọ̀ ọ́n gbá, ni wọ́n ń tì sẹ́nu ilé. Mo mọ ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa tó ga, tí ọwọ́ rẹ̀ gùn, tí ojú rẹ̀ sì yá sí bọ́ọ̀lù. Aṣọ́lé ni Ọlọ́run dá a. Bàbá rẹ̀ ló mú un kúrò níbẹ̀, ó ní kò sí òyìnbó tí yóò wá láti ìlú òkèèrè nítorí ẹni tó dúró sójú kan. Lónìí, ọmọ náà wà lára àwọn ogún tó ń sáré lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, kò sì ta yọ láàrin wọn.

Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin akọ́nimọ̀ọ́gbá nínú àwọn kíláàsì eré ìdárayá tí ìjọba dá sílẹ̀ ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, ẹ yan aṣọ́lé àti àwọn ẹlẹ́yìn kí ẹ tó yan ẹnikẹ́ni. Ẹ wá ẹni tí yóò máa kọ́ wọn lọ́tọ̀, nítorí iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí owó oṣù aṣọ́lé jẹ́ èyí tó kù lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti gbà tán. Àti ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá fẹ́ dúró sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí ó dúró.

Èmi náà fẹ́ kí Bẹ̀nẹ̀ bí Osimhen tirẹ̀. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà ní Uyo, bí a tilẹ̀ ní ẹni tó gbá méjì wọlé, mẹ́rin ṣì ju méjì lọ.