Trans kò ṣàdédé bàjẹ́ o

1/ Ọ̀rọ̀ Trans Amusement Park ti Bódìjà, Ìbàdàn, tún ti gbòde. Àwọn ẹ̀gbọ́n ní ayé tiwọn ló dáa. Àwọn ojúgbà mi ní ibẹ̀ ti kú, ká gbàgbé ẹ̀. Mi ò sí lẹ́yìn ìkankan nínú wọn. Ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀.

2/ Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yẹn: ṣé Trans ti lọ sílẹ̀ sí bó ṣe wà níbẹ̀rẹ̀? Ó ti lọ sílẹ̀. Noo Saro-Wiwa débẹ̀, ó sì fi orúkọ ibẹ̀ ṣe àkọlé ìwé ẹ̀, Looking for Transwonderland, tó jáde ní 2012. Ẹ̀rọ tó dúró gbagidi, àyíká tó dá páropáro, ohun tó bá níbẹ̀ nìyẹn. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Torí náà, ẹ má jẹ́ ká ṣe bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀.

3/ Àmọ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra pẹ̀lú "nígbà tiwa, bí ọ̀run ló rí". Kò sí ibi ìgbafẹ́ tó pé látọjọ́ kìn-ín-ní. Disneyland gan-an, lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, 17 July 1955, ayédèrú tíkẹ́ẹ̀tì kún ìta. Ọ̀dà ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà rọ̀ nínú oòrùn débi pé bàtà gogoro àwọn obìnrin ń rì sínú ẹ̀. Omi mímu ò tó. Ohun tó gbà wọ́n ni pé wọ́n tún un ṣe, wọn ò sì tíì dáwọ́ àtúnṣe dúró títí dòní.

4/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní "ó ti gbó ni", ẹ gbọ́ èyí. Tivoli wà ní Copenhagen, lórílẹ̀-èdè Denmark. 1843 ni wọ́n ṣí i. Roller coaster onígi kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣe ní 1914, ó ṣì ń sáré. Èèyàn gidi ló ń jókòó sórí ẹ̀, tó ń fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe bíréèkì. Ẹ̀rọ tó ju ìyá ìyá mi lọ! Ẹ má fi ẹ̀sùn kan ọjọ́ orí mọ́, ìtọ́jú ni ká bèèrè.

5/ Kí ló wá dé tí ìtọ́jú fi nira níbí? Ẹ̀rọ eré kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rọ lágbẹ̀dẹ Ògúnpa. Òkè òkun ló ti ń wá, ẹ̀yà ara ẹ̀ náà, dọ́là ni. Kó tó di June 2023, dọ́là kan ò tíì pé ₦500 ní báńkì. Kó tó pé ọdún kan sígbà yẹn, ó ti ju ₦1,400 lọ. Bẹ́ríǹgì kan ṣoṣo lè gbé owó tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀sẹ̀ kan mì.

6/ Iná ńkọ́? Bí wọ́n bá mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ni. Dísù tó máa gbé ẹ̀rọ yẹn yí ò kọ̀ bóyá ọmọ mẹ́ta ló jókòó sórí ẹ̀ àbí ọgbọ̀n. Ìgbà wo làwa sì ń lọ? Iléyá, Kérésì, Àjíǹde. Àwọn ọjọ́ tó kù nínú ọdún, ta ló ń rà tíkẹ́ẹ̀tì? Ẹni yòówù tó bá ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa tètè rí i pé kí wọ́n yá pápá fún ayẹyẹ àti tíréèdì fíà rọrùn ju kí wọ́n tún ẹ̀rọ ṣe lọ. Bí ibi eré ṣe ń di pápá ayẹyẹ nìyẹn, láìsí ẹni tó kéde ẹ̀.

7/ Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan èmi ọmọ Èbúté Mẹ́ta nìyí: ẹ rántí Bar Beach. Àwọn òbí wa máa ń kó ọmọ wọ mọ́tò lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Ẹṣin wà, súyà wà, òkun wà. Nígbà tó yá, gbogbo ẹnu ń sọ ohun kan náà: "Bar Beach ti bàjẹ́." Òótọ́ ni o! Òkun ń ya wọ Ahmadu Bello Way. Ìdọ̀tí wà, jàǹdùkú wà.

8/ Kí ló wá jáde níbẹ̀? Eko Atlantic. Wọ́n kó yanrìn sínú òkun, wọ́n fi ṣe ilẹ̀ tó tó kìlómítà mẹ́wàá níbùú lóròó, wọ́n mọ ògiri dí omi. Mo gbà, omi ò ya wọ títì bíi tàtijọ́ mọ́. Àmọ́ ọmọ Oyíngbò tó máa ń fẹsẹ̀ tẹ iyanrìn lọ́fẹ̀ẹ́, ibo ló fẹ́ gbà wọlé báyìí? Wọ́n wo àìsàn ilẹ̀ sàn, wọ́n sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

9/ Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í fi í dùn bí mo bá rí "Trans ti kú" lójú ìwé yín. Mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni ti ń dúnàádúrà ilẹ̀ ibẹ̀ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ilẹ̀ Bódìjà kì í ṣe ilẹ̀ yẹpẹrẹ. "Ó ti bàjẹ́" tí ò ní "ẹ tún un ṣe" nídìí, ìpolówó ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó ń wá ilẹ̀ rà.

10/ Ẹ̀yin content creator ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin náà wà ńbẹ̀. Ẹ máa wọ aṣọ tó dáa, ẹ máa dúró síwájú irin tó dípẹtà, ẹ máa fi orin ìbànújẹ́ sí i: "aesthetic". Wọ́n ti fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ èmi náà, mo ní rárá. Ẹ ya ìpẹtà náà tó bá wù yín, àmọ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan nínú fídíò yẹn ìgbà tí wọ́n máa tún un ṣe.

11/ Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tó ní fóònù ti gba ọpọlọ àwọn ọmọ, wọn ò fẹ́ eré mọ́: irọ́ ni, ẹ má bínú. Ẹ wá sádùúgbò wa nírọ̀lẹ́ Sunday. Ọmọ mẹ́wàá, bọ́ọ̀lù kan, òkúta mẹ́rin fún góòlù. Bí kẹ̀kẹ́ Márúwá bá ti ń bọ̀, "Mọ́tò o!", gbogbo wọn á sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Inú ilé face-me-I-face-you tí wọ́n ń gbé, kò sí àyè eré níbẹ̀. Fóònù ni ibi ìgbafẹ́ kan ṣoṣo tí kì í gba owó mọ́tò.

12/ "Kò ṣeé tún ṣe mọ́." Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ wo National Theatre ní Igánmú, nítòsí wa níbí. 1976 ni wọ́n ṣí i. Ó bàjẹ́ lójú gbogbo wa. Ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni ìjọba ti fẹ́ fi lé aládàáni lọ́wọ́, àwọn òṣèré sì yarí. Àwọn báńkì kówó jọ, wọ́n tún un ṣe, ní 2024 wọ́n sọ ọ́ lórúkọ Wọlé Ṣóyínká. Ká ní gbogbo wa ti gbà pé ó ti kú ni, kí là bá máa bá níbẹ̀ lónìí?

13/ Ohun tó yẹ ká máa béèrè, ní Trans àti níbi gbogbo tó jọ ọ́:
– Ẹ kọ ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ sí gééètì àti sójú ìwé yín KÍ Ẹ TÓ gbowó wa.
– Ẹ lẹ ọjọ́ tí wọ́n yẹ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wò gbẹ̀yìn mọ́ ọn lára. Ọmọ èèyàn là ń gbé gun orí ẹ̀.
– Ẹ ṣe tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀dínwó fún ilé ìwé láàárín ọ̀sẹ̀, kí owó máa wọlé lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọdún.

14/ Ẹ má sọ pé Ìbàdàn jìnnà. Láti 2021 ni rélùwéè ti ń gbéra ní ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson, Alágómejì, títí dé Móníyà, kìlómítà 157. Olùkọ́ tó bá múra lè kó kíláàsì kan láti Èbúté Mẹ́ta lọ ṣeré ní Bódìjà. Ọ̀nà wà. Ibi tí wọ́n á bá nígbà tí wọ́n bá débẹ̀ ni ìjà mi.

15/ Bí a bá ń sunkún, ṣebí à máa ń ríran. Ẹ sunkún Trans bó ṣe wù yín, mi ò ní kẹ́ ẹ má sun ún. Àmọ́ ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta yẹn sí i kẹ́ ẹ tó tẹ "post".