Ẹ Má Fi Sitẹ́ríò Ayédèrú La Ẹnu Ìlù Sí Méjì

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí n kò lè gbé mì mọ́.

Ní Alékúwodò, nílùú Òṣogbo, mo fún méjì nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní iṣẹ́ ṣe. Mo ní kí wọ́n tẹ́tí sí orin I.K. Dairo kan láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, kí wọ́n sì kọ ohun tí gángan ń sọ sílẹ̀. Wọ́n rí orin náà lórí fóònù, wọ́n sì pín íápíìsì kan lò: ọ̀kan ki ti òsì bọ etí, èkejì ki ti ọ̀tún. Nígbà tí wọ́n padà dé, ìwé wọn kò bára mu rárá. Mo wo orin náà: ẹni tí ó gbé e síta ti kọ "Stereo" gàdàgbà sí i, bí ẹni pé oyè ni.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ṣùgbọ́n n kò bá àwọn ọmọ náà wí. Ẹni tí ó la ohùn náà sí méjì ni mo ń bá jà.

Nínú àwo mónò, ohùn kan náà ni etí méjèèjì ń gbọ́. Nínú ti sitẹ́ríò, ohùn òsì yàtọ̀ sí ti ọ̀tún. Ọdún 1931 ni Alan Blumlein, onímọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ EMI nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, béèrè ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n yìí. Ní nǹkan bí ọdún 1958 ni àwo rẹ̀ gba ìgboro. Nígbà tí ọjà rẹ̀ wá ń tà, àwọn ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àwo mónò di sitẹ́ríò lójijì: wọ́n darí ìró tó rinlẹ̀ sí apá kan, wọ́n darí èyí tó tínrín sí apá kejì. Ayédèrú gbáà ni. Lónìí, ọmọdé tó ní kọ̀ǹpútà lè ṣe é.

Àwọn Òyìnbó pàápàá ti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí àwọn Beatles ṣe Sgt. Pepper lọ́dún 1967, ti mónò ni wọ́n jókòó tì. Ẹ̀yìn wọn ni wọ́n ti parí ti sitẹ́ríò. Lọ́dún 2009, wọ́n tún àwọn àwo mónò wọn gbé jáde, nítorí pé àwọn olùfẹ́ orin ń béèrè fún un.

Bí ó bá jẹ́ gìtá ni, adùn nìkan ni ayédèrú yìí ń bà jẹ́. Ní ti ìlù wa, ọ̀rọ̀ ni ó ń bà jẹ́. Ìlù kò ní kọ́ńsónáǹtì. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni ó fi ń fọhùn. Ẹ gba ohùn lọ́wọ́ igba, igbá àti ìgbà, kí ni ó kù? Bí a bá wá fọ́n ohùn gángan ká sí etí méjì, gbólóhùn ti fọ́ nìyẹn.

Àwọn kan yóò ní etí méjì ni Ọlọ́run fún wa, pé mónò jẹ́ ìwà òtòṣì. Òótọ́ ni, etí méjì ni a ní. Ṣùgbọ́n ẹnu kan ni ìlù fi ń sọ̀rọ̀. N kò sì kórìíra sitẹ́ríò tòótọ́. Ẹni tí ó bá fún àwo Juju Music tí King Sunny Ade ṣe lọ́dún 1982 pọ̀ sójú kan ti ṣe àwọn gìtá inú rẹ̀ níkà. Òfin tèmi kò ju ọ̀kan lọ: bí olórin àti ẹni tó gbohùn rẹ̀ sílẹ̀ ṣe ṣe é ni kí a gbọ́ ọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wo páálí àwo kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́. Bí ẹ bá máa pín íápíìsì lò, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Mono audio" sí nínú ètò fóònù yín, kí ẹ tàn án. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò lè dá ohun tí ayédèrú ti gé sọnù padà. I.K. Dairo ti kú láti ọdún 1996, Hárúnà Ìṣọ̀lá láti ọdún 1983. Wọn kò lè jí wá tún ọ̀rọ̀ wọn sọ. Ohun tí ẹ bá kọ sínú ìwé lónìí ni àwọn ọmọ yín yóò kà lọ́la pé ìlù wí.