Ta Ni Yóò Mú Aláìríran Sọdá Títì Ní Ẹgbẹ́dá Àti Mọ́níyà?

Oṣù kìíní ọdún 2024 ni gbèdéke ọdún márùn-ún tí òfin ìjọba àpapọ̀ fi sílẹ̀ fún àtúnṣe àwọn ilé àti ohun tí a kọ́ fún ìlò gbogbo ènìyàn pé. Ààrẹ Muhammadu Buhari ló buwọ́ lu òfin ọ̀hún lóṣù kìíní ọdún 2019, láti fòpin sí yíya àwọn àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀. Ó sọ ọ́ kedere pé ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àti ibi tí wọ́n ti ń sọdá, gbọ́dọ̀ ṣe é lò fún ẹni tí kò fojú ríran. Ẹni tó bá yà wọ́n sọ́tọ̀ yóò san 100,000 náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ta wá ni yóò ṣẹ̀wọ̀n nítorí títì tí kò níbi ìsọdá?

Bí a bá gbé òfin yìí dé ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ tó gba Ẹgbẹ́dá kọjá, tàbí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ní agbègbè Akínyẹlé, ó dà bí ẹni pé ìgboro Àbújá nìkan ni àwọn tó kọ ọ́ ní lọ́kàn. Etí ọ̀dà ni àgbẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ń tọ̀, níbi tí àwọn ọlọ́jà pàtẹ sí, tí ọlọ́kadà náà sì ń gbà. Etí ló fi ń wo títì. Bí ọkọ̀ àjàgbé bá ń bú ramúramù lọ, kò ní gbọ́ ọ̀kadà tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìlà funfun tí wọ́n ń kùn sójú ọ̀dà kò sì wúlò fún un, nítorí ẹni tó ń ríran ni wọ́n kùn ún fún.

Ní Japan, Seiichi Miyake ronú kan búlọ́ọ̀kù oníkókó tí àtẹ́lẹsẹ̀ lè mọ̀ lọ́dún 1965. Ìlú Okayama ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ́ ẹ lọ́dún 1967. Sìmẹ́ǹtì àti yẹ̀pẹ̀ ni. Kò yẹ kó ju agbára àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ní Lálúpọn lọ.

Ìjọba àpapọ̀ ló ni ọ̀nà ńlá méjèèjì yẹn. Ṣùgbọ́n ìwé òfin ọdún 1999 ka òpópónà, iná ojú títì àti gọ́tà mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ṣe là á sílẹ̀. Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà kò lè yọwọ́. Tẹ́lẹ̀, àwáwí àwọn alága káńsù ni pé ìpínlẹ̀ ló ń gba owó àwọn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 pé kí owó wọn máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà.

Ibi tó yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà: iwájú sẹkitéríàtì káńsù fúnra rẹ̀ ni, níbi tí aláìríran tó fẹ́ wọlé lọ fẹjọ́ sùn ti gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọdá.