Òrìṣà Kì í Ṣe Ọmọ Òmìrán



Ní Ọlọ́runṣògo níbí, àti ní àwọn abúlé oko tó yí Ìbàdàn ká, àwọn oníwàásù kan ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde pé ẹ̀mí òmìrán ni àwọn òrìṣà wa. Wọ́n ní áńgẹ́lì tó ṣubú ló bí àwọn tí èdè Hébérù ń pè ní Nefilimu nínú ìwé Jẹ́nẹ́sísì orí 6, pé ìkún omi ló pa wọ́n, àti pé ẹ̀mí wọn ló di Ògún, Ọ̀ṣun àti Ọbàtálá. Ọ̀rọ̀ yìí kúrò ní eré. Ọmọ tó bá gbà á gbọ́ kò ní jẹ oúnjẹ tí ìyá bàbá rẹ̀ sè mọ́ bí ìyá náà bá jẹ́ ọlọ́ṣun, yóò sì máa wo bàbá àgbà rẹ̀ tó jẹ́ babaláwo bí ẹni ń wo ọ̀tá. Ìdí nìyí tí mo fi ní láti fèsì, ìwé tiwọn gan-an ni n ó sì kọ́kọ́ ṣí.

Ẹsẹ mẹ́rin péré ni Jẹ́nẹ́sísì fi sọ̀rọ̀ náà. Ó ní àwọn ọmọ Ọlọ́run fẹ́ àwọn ọmọbìnrin ènìyàn, ó dárúkọ àwọn Nefilimu, ó sì pe àwọn ọmọ tí a bí ní akọni àti olókìkí. Kò sọ níbì kankan pé ẹ̀mí wọn di ẹ̀mí àìmọ́. Inú Ìwé Énọ́kù ni ìtàn ẹ̀mí òmìrán tó ń dààmú ayé wà, ìwé tí Ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì Etiópíà kà mọ́ Bíbélì, ṣùgbọ́n tí kò sí nínú Bíbélì Yorùbá tí àwọn oníwàásù wọ̀nyí ń gbé kiri. Ìwé tí wọn kò gbà fún ara wọn ni wọ́n fi ń dá wa lẹ́bi.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ gíga ti wọlé? Ìwé Númérì orí 13 ni ó ti hàn gbangba. Mósè rán amí méjìlá lọ yẹ ilẹ̀ Kénáánì wò. Púpọ̀ nínú wọn padà wá sọ pé òmìrán ló ń gbé ibẹ̀, pé bíi tata ni àwọn rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìwé náà fúnra rẹ̀ pe ọ̀rọ̀ wọn ní ìròyìn búburú. Ẹ kíyè sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀: ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni, ilẹ̀ onílẹ̀ ló sì fẹ́ gbà. Nínú Deutarónómì orí 2, àwọn ará Móábù pe àwọn tó ni ilẹ̀ ṣáájú wọn ní Emimu, àwọn ará Ámónì pe tiwọn ní Samsummimu, a sì ní gbogbo wọn ga fíofío. Ẹni tó gba ilẹ̀ ló ń sọ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ di òmìrán. Gòláyátì pàápàá, ìgbọ̀nwọ́ 6 àti ààbọ̀ ni nínú Bíbélì tí a ń kà, ṣùgbọ́n ìgbọ̀nwọ́ 4 àti ààbọ̀ ni nínú ìtumọ̀ Gíríìkì àtijọ́ àti nínú ìwé kíká kan tí a rí nítòsí Òkun Òkú.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni orúkọ Refaimu, ọ̀kan nínú àwọn ìran òmìrán yìí. Orúkọ kan náà ni Aísáyà orí 14 àti Sáàmù 88 fi pe àwọn òkú. Ní Ugarit, ìlú àtijọ́ kan ní Síríà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hú jáde ní 1929, wọ́n rí wàláà amọ̀ tó fi orúkọ náà pe àwọn ọba tó ti di baba ńlá, tí a ń ké pè níbi ètùtù ìsìnkú ọba. Ẹni tí ìran kan ń pè ní àràmàǹdà, baba ńlá ni lójú ìran kejì. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú wa, àwa tí a ń kúnlẹ̀ kí egúngún ilé wa?

Ẹ jẹ́ ká wá gbọ́ ti Ifá. Odù Ọ̀ṣẹ́ Túrá sọ fún wa pé Olódùmarè ló rán àwọn irúnmọlẹ̀ wá sílé ayé láti tún un ṣe. Ọ̀ṣun nìkan ni obìnrin láàárín wọn, àwọn ọkùnrin kò sì kà á sí. Gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé bàjẹ́. Wọ́n padà sọ́dọ̀ Olódùmarè, ó bi wọ́n léèrè Ọ̀ṣun, ó sì ní kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ ni ayé tó gún. Ẹ fi èyí wé ti Jẹ́nẹ́sísì. Àwọn ti ibẹ̀ mú obìnrin tó wù wọ́n. Àwọn tiwa kọ́ pé ayé kò lè gún láìsí obìnrin. A rán àwọn tiwa níṣẹ́ ni, ọ̀nà ọ̀run kò sì dí mọ́ wọn.

Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti gíga, ọkùnrin kúkúrú la ń ki Ọ̀rúnmìlà. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Àwọn kan a sì máa tọ́ka sí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ní Ilé-Ifẹ̀, òkúta tó ga ju mítà 5 lọ. Ìrántí ni. Ta ló ń fi gíga òpó ìrántí wọn gíga ẹni tí a rì í fún?

Èyí kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ Bíbélì ní ọ̀rúndún 19, orúkọ Èṣù ni wọ́n fún ọ̀tá Ọlọ́run, bẹ́ẹ̀ Èṣù ni òjíṣẹ́ tó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run. Títí dòní, ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ bú ènìyàn. Bí a bá dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ Nefilimu, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí fún Ọ̀ṣun àti Ògún.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kó máa lọ ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àgbà, ẹ pe àwọn ọmọ-ọmọ yín jókòó, kí ẹ sọ Ọ̀ṣẹ́ Túrá fún wọn kí amí tó sọ tirẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ìṣẹ̀ṣe làgbà. Àṣẹ.