Òfin Tí Ẹnikẹ́ni Ò Fipá Mú Ọmọ Pa Mọ́

Ọ̀rọ̀ géèmù ni mo gbé wá lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọjá.

Mo mọ̀ pé tí a bá ti dárúkọ géèmù, ohun tó máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ òbí lọ́kàn ni ọmọ tí kò kàwé, tí kò fọ abọ́, tó tẹjú mọ́ fóònù títí ilẹ̀ fi ṣú. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà, n ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo géèmù kọ́ ló jọra, gbogbo ọ̀nà tí èèyàn ń gbà ta á náà kọ́ ló rí bákan náà. Ọ̀nà kan wà tó jẹ́ pé, lójú tèmi, kàkà ká já fóònù gbà lọ́wọ́ ọmọ, ńṣe ló yẹ ká fà á mọ́ra ká bi í léèrè.

Géèmù tí mo fẹ́ fi ṣàpẹẹrẹ ni Final Fantasy Tactics. Ilé iṣẹ́ Square ní Japan ló gbé e jáde lọ́dún 1997 fún PlayStation, Yasumi Matsuno ló sì darí iṣẹ́ náà. Lọ́dún 2007 wọ́n tún un ṣe fún PSP, wọ́n pè é ní The War of the Lions, èyí náà ló padà dé orí fóònù. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2025, òmíràn tún jáde, The Ivalice Chronicles. Kì í ṣe géèmù a-sáré-tẹ-bọ́tìnì rárá. Bí ayò ló rí: ìwọ á ṣe tìẹ, ọ̀tá á ṣe tiẹ̀, o sì lè jókòó ronú títí kó o tó gbé ẹsẹ̀ kan. Kò sí tẹ́tẹ́ owó nínú ẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Ramza ni olórí ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ. Olúkúlùkù ọmọ ogun ló ní iṣẹ́ tó ń ṣe, iṣẹ́ ni géèmù náà fúnra ẹ̀ sì ń pè é. Ogún iṣẹ́ ló wà nínú ti àkọ́kọ́: oníkẹ́míìsì wà níbẹ̀, tafàtafà wà, olè wà, oṣó wà, oníjó pàápàá wà. Bí gbogbo ayé ṣe ń ta á ni pé kí wọ́n da iṣẹ́ pọ̀. Ẹni tó gbé apata á wà níwájú, ẹni tó ń wonisàn á wà lẹ́yìn, oṣó á máa sọ iná láàárín.

Àwọn kan wá sọ pé rárá, ìyẹn ti dùn jù. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n á mú. Tí wọ́n bá ti yan tafàtafà, Ramza àti gbogbo àwọn tó ń bá a jà á di tafàtafà, ohun tí tafàtafà bá mọ̀ ọ́n ṣe nìkan ni wọ́n á sì fi ja ogun náà dópin. Wọn ò ní mú àwọn akọni àrà ọ̀tọ̀ tí géèmù ń fi tọrẹ, irú bí Orlandeau, ẹni tó lágbára débi pé òun nìkan lè sọ ìyókù eré di ìrọ̀rùn.

Ẹ wo ohun tí èyí ń kọ́ni. Ẹni tó kó oníkẹ́míìsì lọ sógun ò ní ẹni tó le dúró gba idà. Ṣùgbọ́n oníkẹ́míìsì lè ju oògùn sí ẹni tó wà lókèèrè, nígbà tó bá sì yá ó lè yìnbọn, agbára ìbọn ò sì dúró lórí agbára ẹni tó mú un. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń jà láti ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó mú tafàtafà á mọ̀ kíá pé kò sí ibi tó dára bí orí òkè, torí ọfà ń jìnnà sí i láti òkè. Ẹni tó mú Monk, tó ń fi ọwọ́ lásán jà, á rí i pé òun lè jà, òun lè woni sàn, òun lè jí ẹni tó ṣubú dìde, láìra nǹkan kan lọ́jà. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọjà. Ọjà kan náà ni, ogún ọ̀nà ló wọ̀ ọ́.

Àwọn kan á ní ìyà àfọwọ́fà nìyẹn. Ṣé ẹ ti rí i tí kóòṣì bọ́ọ̀lù ní kí ọmọ tó ń lo ẹsẹ̀ ọ̀tún máa fi tòsì nìkan gbá bọ́ọ̀lù nígbà ìdánrawò? Kì í ṣe ìyà. Ó fẹ́ kó mọ ohun tó wà lára ẹ̀ ni.

Àwọn mìíràn á ní ìlú ò lè jẹ́ ti oníṣẹ́ kan. Òótọ́ ni, àwa tí a wà ní ìdálẹ̀ gan-an la mọ̀ ọ́n jù. Nínú ẹgbẹ́ wa níbí, télọ̀ wà, wẹ́dà wà, tíṣà wà, ìdí nìyẹn tá a fi ń dúró. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti fi oníkẹ́míìsì nìkan jagun, tí idà sì gbá a mọ́lẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, òun ló máa mọyì ẹni tó ń gbé apata.

Ìdí tí mo fi kọ èyí gan-an rèé. Géèmù ò mọ̀ pé òfin yẹn wà. Kò sí ọlọ́pàá ńbẹ̀, kò sí tíṣà. Lórí ìtàgé tí wọ́n ń pè ní Riovanes, Ramza nìkan ló máa kojú Wiegraf, kò sẹ́ni tó máa gbè é. Ọ̀pọ̀ ló há síbẹ̀, pàápàá ẹni tó séèfù láàárín ogun méjì tí kò sì ní séèfù mìíràn, torí nínú ti àkọ́kọ́, kò lè padà sẹ́yìn mọ́. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ á máa yún ọmọ pé, "Jẹ́ n yí iṣẹ́ padà nígbà kan péré, ta ló máa mọ̀?" Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ lóòótọ́. Ọmọ tó wá sọ pé rárá, tó padà lọ ronú sí i, tó tún un jà lẹ́ẹ̀kẹwàá, ẹ jẹ́ ká pe ohun tó ṣe lórúkọ ẹ̀: òtítọ́ inú ni.

Lásìkò tí àwọn èèyàn ń wá expo kiri kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, tí òbí mìíràn sì ń sanwó ẹ̀, ẹ má fojú kékeré wo ọmọ tó ń pa òfin mọ́ níbi tí ojú kankan ò ti wò ó. N ò sọ pé géèmù ló máa sọ ọmọ di olóòótọ́ o. Ilé ni wọ́n ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun tí mò ń sọ ni pé ibẹ̀ jẹ́ pápá tó ti lè fi ìwà náà dánra wò, kí ti ayé tó dé.

Ó ń gba àkókò, ìyẹn ò ṣeé jiyàn. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni, kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Torí náà, ẹ fún un ní gbèdéke. Wákàtí kan lálẹ́ ọjọ́ Sátidé tó, tí ìdánwò bá sì dé, kó gbé e tì. Kò ní sá lọ.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó pariwo lé ọmọ lórí, ẹ bi í ní ìbéèrè méjì: "Òfin wo lo fi de ara rẹ? Ibo lo há sí?" Tó bá wò yín sùn-ùn, tí kò rí nǹkan kan sọ, ẹ gba fóònù yẹn jàre. Tó bá jókòó, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ọmọ yẹn ń ronú.